Ọ̀gá Tí Kì Í Dá Ọmọṣẹ́ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ohun tí à ń kọ́ nínú kíláàsì fonọ́lọ́jì. Àwa mẹ́ta ni a ni ọ̀rọ̀ náà. Méjì nínú wa jẹ́ ọmọ Pobè, ẹnì kẹta jẹ́ ọmọ Sakété. Ọ̀kan ló di kálámù mú, ṣùgbọ́n ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a fẹ́ mọ bí a ṣe ń ta gìtá béèsì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú ẹgbẹ́ olórin, ẹni tó ń ta gìtá kékeré ni gbogbo ènìyàn ń wò, ṣùgbọ́n bí béèsì kò bá sí, ijó kì í dùn. Nílé wa, a rí àwọn tó ń lùlù, a rí àwọn tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n a kò rí olùkọ́ béèsì kan tó ráyè tiwa. Bí a ṣe dá owó jọ nìyẹn, tí a ra gìtá béèsì àlòkù kan ní Àjàṣẹ́. A sì tún ń dá owó jọ lóṣooṣù láti san abonnement ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń kọ́ni ní orin. A kò ní dárúkọ ètò náà, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí.

Oṣù mẹ́fà ni a fi lò ó kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ. Kí a má fi ọ̀rọ̀ gùn, èrò wa nìyí: irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́ olùkọ́ dáadáa fún ọwọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí kì í dá ọmọṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó ti mú ọjọ́ ìdásílẹ̀ tirẹ̀ kí ó tó san owó oṣù àkọ́kọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí i rí. A ó fi okùn so gìtá mọ́ kọ̀ǹpútà, tàbí kí a jẹ́ kí makirofóònù rẹ̀ máa gbọ́ ohun tí à ń ta. Orin yóò máa lọ, àwọn àmì aláwọ̀ oríṣiríṣi yóò máa sáré bọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Àmì kọ̀ọ̀kan ń sọ okùn tí a ó ta àti ibi tí a ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn gìtá. Bí a bá ta á bó ṣe yẹ, àmì náà yóò tàn. Bí a bá ṣì í, yóò kú. Nígbà tí orin bá parí, ètò náà yóò fún wa ní máàkì bí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́.

Àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ kì í ṣe ilé iṣẹ́ kékeré. Ubisoft, ilé iṣẹ́ eré kọ̀ǹpútà ti ilẹ̀ Faransé, gbé Rocksmith jáde ní 2011, wọ́n sì fi béèsì kún un ní 2012. Nígbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń ra eré náà. Nígbà tó di 2022, Rocksmith+ dé, òun sì jẹ́ alábonnement: nǹkan bí dọ́là 15 ni owó oṣù kan nígbà tó jáde. Fender ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó gbé gìtá béèsì Precision Bass jáde ní 1951, gbé ètò ìkọ́ni tirẹ̀, Fender Play, jáde ní 2017. Abonnement ni òun náà. Yousician ti ilẹ̀ Finland ń kọ́ni ní béèsì bákan náà. Ẹ wo bí ayé ṣe yí. Ní 1951, ohun èlò ni wọ́n ń tà. Lónìí, ẹ̀kọ́ gan-an ni wọ́n ń yá ènìyàn lò lóṣooṣù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò dọ́là 15 yìí. Ní ilẹ̀ Benin, owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí di 52,000 fáráǹsì CFA ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Dọ́là 15 ń lọ sí 8,000 tàbí 9,000 fáráǹsì, bí ọjà owó bá ṣe rí. Ìyẹn ni pé ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà owó oṣù òṣìṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gba owó oṣù kankan ńkọ́? Yàtọ̀ sí èyí, káàdì báńkì ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ owó orí tẹlifóònù nìkan ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa ló ń bá wa san án, àwa a sì kó owó fún un.

Kí a má purọ́, ètò náà ṣe wá lóore. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í jágbe mọ́ni. Bí a bá ní kí ó fa orin lọ́ra, yóò fà á. Bí a bá ní kí ó tún ibì kan ṣe ní ogójì ìgbà, kò ní kọ̀. Oṣù méjì kò tíì pé tí awọ ìka wa fi le, tí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì sì ti mọ ara wọn. Ẹni tó bá ní òun kò rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀, kò jókòó tì í ni.

Mi ìsàlẹ̀, mí òkè

Ìdààmú àkọ́kọ́ tó bá wa jẹ́ ti orúkọ. Okùn mẹ́rin ni gìtá béèsì ní. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi lẹ́tà pè wọ́n: E, A, D, G. Ilé ẹ̀kọ́ Faransé tí àwa lọ kọ́ wa pé mi, la, ré, sol ni wọ́n ń jẹ́. Okùn tó nípọn jùlọ, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, òun ni mi. Ṣùgbọ́n kí ni olùkọ́ Yorùbá wa kọ́ wa? Dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Àwa tí a kò kọ Yorùbá sílẹ̀ rí kí a tó dé yunifásítì, inú dò-re-mí yìí ni a ti mọ àmì ohùn í fi sórí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ètò náà bá ti kọ E, orí wa a túmọ̀ rẹ̀ sí mi ti Faransé, etí wa a sì máa wá mí ti Yorùbá lókè. Ọwọ́ a wá lọ sí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tó yẹ kó lọ sí èyí tó nípọn. Ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ fi ṣe, kí a tó jókòó rò ó.

Nígbà tí a rò ó, ohun tí a rí nìyí. Do ti Faransé kì í kúrò lójú kan: ohùn kan pàtó ni, ibikíbi tí orin ìbáà ti bẹ̀rẹ̀. Do ti Tonic Sol-fa, èyí tí John Curwen tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún 19, ń ṣí kiri: ohùn tí orin bá fi ṣe ilé ni do rẹ̀. Dò tí olùkọ́ Yorùbá fi ń kọ́ni ní àmì ohùn, aṣíkiri ni òun náà. Dò ìyá àgbà kò dọ́gba pẹ̀lú dò ọmọ ọdún márùn-ún, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Àyè tó wà láàrin ohùn kan àti èkejì ni etí wa ń gbọ́, kì í ṣe iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo Praat rí mọ ohun tí à ń wí. Ẹ ti rí gbólóhùn gígùn tí ohùn ìsàlẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, bí ohùn òkè tó wà níparí rẹ̀ ṣe máa ń relẹ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Gbogbo wa ṣì ń gbọ́ ọ bí ohùn òkè.

Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà sáàárín wa ní 1889 wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ọmọ Pobè kọ́ do tó dúró sójú kan nílé ẹ̀kọ́, ọmọ Ìlaròó tó wà lódìkejì kọ́ do tó ń rìn, bẹ́ẹ̀ èdè kan náà ni ìyá àwọn méjèèjì fi ń kí wọn láàárọ̀.

Ètò tó ń gbọ́ gìtá, iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú Praat ló ń ṣe: ó ń ka iye ìgbà tí okùn gbọ̀n. Okùn mi tí a kò tẹ̀ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, la ń gbọ̀n ní 55, ré ní 73, sol ní 98. Nítorí pé mi kì í yára gbọ̀n, ẹ̀rọ ní láti dúró díẹ̀ kí ó tó dá a mọ̀. Ìdí nìyí tí ohùn ìsàlẹ̀ fi ń le fún ẹ̀rọ ju ohùn òkè lọ. Nígbà tó bá sì ti kà á tán, ó parí náà nìyẹn: ó bá ohun tí wọ́n kọ mu, tàbí kò bá a mu. Kò bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi sọ. A kò bá a jà, iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Ṣùgbọ́n a kò mọ̀ pé ó ti ràn wá, àfìgbà tí a dé Sakété.

Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn tì

Ní ìparí oṣù kẹfà, ẹbí ẹnì kẹta wa ní Sakété fẹ́ ṣe ìsìnkú ìyá àgbà wọn. Wọ́n ní kí a wá bá ẹgbẹ́ akọrin ta béèsì. Orin mẹ́rin péré ni. A ti rí ẹ̀kọ́ mẹ́rin nínú ètò náà tí ìrìn béèsì wọn jọ ti àwọn orin yẹn, a sì ń fi wọ́n múra sílẹ̀ lálaalẹ́. Kí ó tó ku ọjọ́ mẹ́ta, owó oṣù wa parí. Ẹ̀gbọ́n tó ni káàdì báńkì rin ìrìn-àjò, tẹlifóònù rẹ̀ kò wọlé. Bí a ṣe ṣí kọ̀ǹpútà, ilẹ̀kùn ti tì. Ẹ̀kọ́ tí a ti ṣe, máàkì tí a ti gbà, àwọn ibi tí a ti sàmì sí, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ibi tó dùn wá jù kì í ṣe ilẹ̀kùn tó tì. A bá ara wa sọ ọ́ pé, “Kò burú, ọwọ́ wa ṣáà ti mọ̀ ọ́n.” A gbé gìtá, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ló ti ń ṣe iṣẹ́ etí fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí ohun tí ojú ń wò kò sí níbẹ̀ mọ́, etí kò ní nǹkan kan nípamọ́.

A gun zémìjàn lọ sí Sakété lọ́jọ́ Jímọ̀, gìtá lẹ́yìn wa, ìtìjú níwájú wa. Nígbà tí ìgbáradì bẹ̀rẹ̀, a ta èyí tó bọ́ sọ́nà, a ta èyí tí kò bọ́ sọ́nà. Àwọn akọrin dákẹ́. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ tó ń lu gángan. Òun ló dá sí i.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ̀ ń wá nílẹ̀ tí ẹ kò gbójú sókè?”

A ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Inú kọ̀ǹpútà ni a ti kọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà náà ti tì.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ta ló ń ti ìlù? Ó dáa, ẹ fi ẹnu sọ ohun tí ẹ fẹ́ ta, kí n gbọ́.”

A wo ara wa lójú. A mọ okùn kejì, a mọ irin kẹrin lọ́rùn gìtá, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Kò sì sẹ́ni tó bi wá rí.

Bàbá ní, “Ó dáa, ẹ sọ èyí: Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.” Ó sì fi gángan sọ ọ́ tẹ̀lé e.

Ìgbà yìí ni ẹ̀kọ́ wa ní yunifásítì wúlò. A mú bírò, a kọ ọ́: re mí, re re, mí mí, dò mí, dò re. Sílébù mẹ́wàá. A fi dò sórí okùn la tí a kò tẹ̀, re sí irin kejì, mí sí irin kẹrin. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohùn tó wà ní irin kẹrin yìí ni ìwé Faransé ń pè ní do dièse. Do ti Faransé di mí lọ́wọ́ wa, kò sì sí ẹni tó kú.

A ta á. Bàbá mi orí. Ó ní, “Ẹ̀ ń tò ó bí ẹni to bíríkì. Ṣé báyìí lẹ ṣe ń sọ̀rọ̀?” Ó tún un sọ lórí gángan, ó fún awọ okùn rẹ̀ mọ́ra díẹ̀díẹ̀ nígbà tó dé ẹ̀ṣọ́. A gbọ́ ọ wàyí. Gbogbo wa ló ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé ohùn òkè tó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò, ńṣe ló ń yọ́ gòkè. A gba máàkì lórí rẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò dé ìka wa. A wá rí i pé a kò lè fi okùn tí a kò tẹ̀ yọ́ gòkè. A kó dò lọ sí irin karùn-ún lórí okùn mi, níbi tí la kan náà wà. Re bọ́ sí irin keje, mí bọ́ sí irin kẹsàn-án. Bí a bá dé ẹ̀ṣọ́, a ó fi ìka fa okùn náà láti irin karùn-ún dé ìkẹsàn-án láìgbé e kúrò. Bàbá ní, “Ẹ ti ń sọ̀rọ̀.”

Nígbà tí àwọn akọrin gbé orin sókè sí i, a kò dààmú mọ́. A kàn sún ọwọ́ lọ síwájú lọ́rùn gìtá. Dò ṣí, re ṣí, mí ṣí, gbólóhùn kò yí padà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá ti fún wa ní gbólóhùn mẹ́rin fún orin mẹ́rin. Lọ́jọ́ ìsìnkú, a kò ta bí ọ̀gá, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn jó. Ìyá kan nínú àwọn oníjó gba gbólóhùn náà sẹ́nu, ó ń wí i bó ṣe ń jó. Bóyá gángan ló gbọ́ ni, bóyá béèsì ni, àwa kò bi í. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: bí òwe, bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àgídìgbo yìí ló sì ń ṣe iṣẹ́ béèsì nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin Yorùbá kí gìtá béèsì oníná tó dé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a tún san owó oṣù kan. Nínú ẹ̀kọ́ kan, a fa ìka bí Bàbá ṣe kọ́ wa. Ètò náà ní a ṣì í. Kò parọ́ mọ́ wa: ohun tí wọ́n kọ sí i kọ́ ni a ta.

Ọ̀rọ̀ ìdásílẹ̀

Kò sí ẹni nínú wa tí kò tíì jẹ ìrẹsì libération rí. Ọmọ tó kọ́ aṣọ rírán, irun dídì tàbí mẹkáníìkì, lọ́jọ́ tó bá parí, ọ̀gá rẹ̀ yóò pe ẹbí àti ọ̀rẹ́. Ọmọṣẹ́ yóò kúnlẹ̀, ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí, wọn yóò da pọ́dà lé e lórí, ìlù yóò sì dún. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní fíríìdọ́ọ̀mù. Kí ni ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú ayé pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun ti dé ọwọ́ ọmọ yìí, kí ó máa lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀gá burúkú wà, tó ń fi ọmọṣẹ́ ṣe ẹrú, tó ń sún ọjọ́ síwájú. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó burú, nítorí pé a mọ̀ pé ó yẹ kí ọjọ́ náà dé.

Abonnement kò ní ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá gbọ́n tán ni owó ọ̀gá dúró. Ọ̀gá tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀, kí ni yóò sún un láti fẹ́ kí ọmọṣẹ́ tètè gbọ́n? Ẹ̀kọ́ tuntun yóò máa wọlé, orin tuntun yóò máa wọlé, àmì ẹ̀yẹ tuntun yóò máa tàn, kò sì ní sí ẹnì kan tí yóò sọ fún ọ pé, “Ó tó, máa lọ.”

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní olùkọ́ gìtá náà ń gba owó lóṣooṣù. Òótọ́ ni. Wọn yóò ní ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ sanwó fún àwọn tó ni orin, pé kò lè fi ohun olóhun tọrẹ. Òótọ́ ni èyí náà, ẹni tó bá ń gbèjà onílù kò gbọdọ̀ bínú sí i. Wọn yóò tún ní ohun tó ti wọ ọwọ́ wọ ọwọ́, pé kò sí ilé iṣẹ́ tó lè gbà á padà. Ìyẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Ohun tó wọ etí àti ọwọ́ di tiẹni. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà nìkan, tiwọn ni. Bí ènìyàn ṣe kọ́ ọ ló ń pinnu èyí tí yóò jẹ́. Olùkọ́ tí a ń sanwó fún lóṣooṣù, bí owó bá tán, kò ní wọ ilé wa wá gba ìwé tí a fi kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹ wo Lionel Loueke, onígìtá ọmọ Benin tí wọ́n bí ní 1973. Nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, okùn gìtá wọ́n fún un débi pé ó ń fi ọtí kíkan fọ èyí tó ní kí ó lè pẹ́, nígbà tó yá ó fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rọ́pò wọn. A kò sọ pé ìyà dára o. Ohun tí à ń sọ ni pé ohun tó kọ́ bá a dé Abidjan, ó bá a dé Paris, ó bá a dé Berklee ní Amẹ́ríkà, kò sì sí òpin oṣù kan tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni Gustave Bentho tó ta béèsì fún Poly-Rythmo ní Cotonou ní àwọn ọdún 1970. Kò sí àmì aláwọ̀ kankan tó ń sáré bọ̀ níwájú rẹ̀, síbẹ̀ ayé ṣì ń wá àwo wọn rà títí di òní.

Ìmọ̀ràn wa

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Ohun tí a ní kí ẹ ṣe nìyí.

Èkínní, ẹ dá ọjọ́ ìdásílẹ̀ yín fúnra yín. Ẹ san owó oṣù mẹ́ta, kí ẹ kọ ọjọ́ tí yóò parí sára ògiri. Bí ọjọ́ náà bá pé tí ẹ kò lè ta orin méjì láìwo ojú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe oṣù kẹrin ni ẹ nílò.

Èkejì, ẹ fi ẹnu sọ ọ́ kí ẹ tó fi ọwọ́ ta á. Bí ẹ bá lo ètò náà fún wákàtí kan, ẹ pa á, kí ẹ fi wákàtí kejì ta ohun tí ẹ kọ́ nínú òkùnkùn.

Ẹ̀kẹta, ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀. Dò-re-mí tí ẹ mọ̀ ti tó. Ẹ kọ gbólóhùn, ẹ kọ ohùn rẹ̀ sábẹ́, ẹ kọ okùn àti irin sábẹ́ ìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò ti ìwé yín mọ́ yín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ lo ohun ọ̀fẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ wa. Praat, tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè fi wo ohùn gángan àti ohùn béèsì yín bí ẹ ṣe ń wo ohùn ènìyàn. Audacity náà jẹ́ ọ̀fẹ́ láti 2000 tó ti jáde. Ó lè fa orin lọ́ra láì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ relẹ̀. Ẹ fi gbọ́ béèsì inú àwo tí ẹ fẹ́ràn, kí etí yín ṣiṣẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, èyí kàn wá jùlọ nítorí iṣẹ́ ẹ̀dá-èdè tí a yàn. Ní Kétu, ní Pobè, ní Sakété, àwọn tó mọ bí ohùn ọ̀rọ̀ ṣe ń di ohùn ìlù ṣì wà láàyè. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, ẹnu àti etí ni wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ lọ bá àwọn àgbà yìí, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gbà kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì sanwó fún wọn. Bí a bá lè rí 8,000 fáráǹsì fún ilé iṣẹ́ òkèèrè lóṣooṣù, kí ló dé tí owó obì fi ń le fún wa bó bá kan onílù àdúgbò? Ẹ tún bá wa wá ọ̀rọ̀ o. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn gìtá, a kàn ń pè wọ́n ní irin nínú àkọsílẹ̀ yìí ni. Bí ìlú yín bá ní orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé yìí.

Ní tiwa, a ti pa abonnement náà. A padà lọ bá Bàbá ní Sakété, a kúnlẹ̀, a ní kí ó dá wa sílẹ̀. Ó wò wá títí. Ó ní gbólóhùn mẹ́rin kò tíì tó ohun tí à ń da pọ́dà léni lórí fún. Ó ní kí a wá gba ogún gbólóhùn, kí a sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo. A ti gba mẹ́sàn-án.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ire o.